Ọpọlọ Akọ Náà Ń Jò

Ẹ jẹ́ ká yin ọkùnrin tí kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ẹ yìn ín dáadáa, kí ẹ dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún un. Ibà lè mú un, ìyẹn ò burú, ẹ̀fọn ló fà á. Jẹ̀díjẹ̀dí lè mú un, á tiẹ̀ fi ṣe àwàdà nídìí ẹmu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kán lórí ọ̀kadà láàrin Ìlá sí Òkè-Ìlá, á máa ká ṣòkòtò sókè fi àpá rẹ̀ han àlejò. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀? Orí rẹ̀ pé. Inú oyún ló ti pé wá. Bí kò bá lè sùn, ọ̀rọ̀ ìlọsíwájú ló ń rò. Bó bá lu ìyàwó rẹ̀, iṣẹ́ ló rẹ̀ ẹ́. Bó bá jókòó sẹ́yìnkùlé láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ tó ń wo ògiri, ẹ má dí i lọ́wọ́, bàbá ń gba atẹ́gùn ni. Ẹ bi í pé kí ló dé, á na àyà síta bí àkùkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lókùn, á ní, "Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ara mi le." Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tóbi tó? Ó yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà ìlú, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ "Ẹ káàbọ̀" sí.

Ìlá ni wọ́n bí mi sí, irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ló sì yí mi ká dàgbà. Nígbà tó yá, mo kúrò nílé, mo lọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gé ọpọlọ sí wẹ́wẹ́ láti wo ohun tó ń ṣe é. Ọpọlọ eku ni o. Ká ní tèèyàn ni, iṣẹ́ ọ̀hún ì bá yára jù.

*

Fínláǹdì ni mo wà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ nílé, Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí wa, béèrè bóyá abẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Mo ní rárá. Ó kí mi kú ìrìn-àjò, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ fi hàn pé mo ti já a kulẹ̀ díẹ̀.

Ohun méjì ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Àkọ́kọ́ ni oòrùn wọn. Nígbà òtútù, kò ju kéèyàn jẹun ọ̀sán tán lọ tí oòrùn á ti palẹ̀ mọ́, tí á máa lọ sílé bí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Èkejì ni pé wọn kì í kí ara wọn. Èmi tí wọ́n ti gbá létí rí ní Ìlá nítorí pé mo kí bàbá kan lórí ìrìn láì dọ̀bálẹ̀! Bàbá arúgbó kan ń gbé nínú yàrá tó kọjú sí tèmi. Ní gbogbo àárọ̀ tá a bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, mo máa ń tẹrí ba, mo máa ń fi èdè wọn kí i. Bàbá náà á wo bàtà rẹ̀, á sì kọjá. Mo rò pé etí rẹ̀ di. Nígbà tó pẹ́, mo rí i pé bí gbogbo ilé náà ṣe rí nìyẹn, kálukú ló ti ara rẹ̀ mọ́lé, tó sì gbé kọ́kọ́rọ́ mì.

Ní Ìlá, wọ́n á bi ọ́ pé ṣé àlàáfíà lo wà, ṣáájú kí o tó dáhùn wọ́n á ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní Fínláǹdì, wọn kì í bi ọ́ rárá. Mo fi ọdún kan ronú lórí èwo ló sàn jù nínú méjèèjì. Ohun tí mo rí ni pé kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn ní ìlú méjèèjì.

*

Iṣẹ́ wa ní láàbù kò ṣòro láti ṣàlàyé. À ń fìyà jẹ eku títí ayé á fi sú wọn, lẹ́yìn náà la óò wo ohun tí ìyà ti ṣe fún iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ wọn. Ìyà ọ̀hún kò tó nǹkan lójú àlejò. A óò fi àgò wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan kó dagun. A óò da omi sí ibi tí wọ́n ń sùn. A óò tan iná nígbà tó yẹ kí òkùnkùn ṣú. A óò gbé eku ńlá kan tó burú wá síwájú wọn kó máa dẹ́rù bà wọ́n. Kì í ṣe ìyà tó ń pani, ó kàn ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni, wọn kì í sì í mọ ìgbà tí èyí tó kàn ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ka gbogbo rẹ̀ fún mi, mo rò pé ẹni tó ṣètò rẹ̀ ti gbé ilé ọkọ ní Ìlá rí.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ kò rí bíi tara yòókù. Ògiri rẹ̀ fún pinpin, nǹkan kan tó dà bíi sìmẹ́ńtì ló so ó pọ̀, kí ohun tí kò dára nínú ẹ̀jẹ̀ má baà ráyè wọ inú ọpọlọ. Bí ìyà bá pẹ́, sìmẹ́ńtì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ògiri á sì máa jò. Ohun tí ọ̀gá mi, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ń wá ojútùú sí ni pé ojú ibi tó ti ń jò lára akọ kọ́ ló ti ń jò lára abo. Tabo ń jò níwájú orí, níbi tí ìrònú àti ìpinnu wà. Takọ ń jò ní ìsàlẹ̀, níbi tí adùn nǹkan ti ń yé ẹ̀dá. Bí ẹ bá gbé omi ṣúgà àti omi lásán síwájú akọ tí tirẹ̀ ti jò, kò ní mọ èyí tí yóò mu. Méjèèjì ti di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gé ọpọlọ eku kan tó tín-ín-rín débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ọ̀gá mi gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó wò ó títí, ó ní, "Ó dára." Níbẹ̀, oríkì ni wọ́n kì fún yín yẹn. Mo yọ̀ títí mo fi délé. Mo pe Àǹtí Bọ́sẹ̀ lórí fóònù, mo ní, "Àǹtí mi, ọ̀gá mi yìn mí lónìí."

Ó ké jáde láti Ìlá, ó ní, "Mo mọ̀! Ọmọ mi! Kí lo gé?"

"Ọpọlọ eku ni, Àǹtí mi."

"Ó dáa náà," ló ní. "Ṣé o fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jẹun?"

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo. Ìyá wa kú nígbà tí mo ṣì wà ní pámárì, òun ló sì tọ́ mi dàgbà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé ní Ìlá. Tí a bá lọ sí ìsọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo wà ní kékeré, tí oorun bá fẹ́ gbé mi lulẹ̀, kì í lù mí bí àwọn ìyá yòókù ṣe ń lu ọmọ wọn. Á kàn wúkọ́ kékeré kan, ni màá bá mọ̀ pé ó ń wò mí, pé kí n rọ́jú.

*

Ìgbà òtútù kejì ni tèmi ṣẹlẹ̀.

Kò ní ariwo nínú. Mo se ọbẹ̀, mo fi ẹja gbígbẹ tí Àǹtí Bọ́sẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i, kò dùn. Mo fi iyọ̀ kún un, kò dùn. Mo da ṣúgà sínú tíì, mo tún da òmíràn sí i, omi lásán ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró pẹ́ nínú balùwẹ̀ láì ṣí omi. Lọ́jọ́ kan ní láàbù, mo gbé omi ṣúgà àti omi lásán síwájú akọ eku kan, eku náà wo méjèèjì, ó padà lọ sí kọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sì bú sẹ́kún. Ọ̀gá mi dúró wò mí bó ṣe ń wo abẹ́ awò. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kàn fún mi ní orúkọ ilé ìwòsàn kan, ó ní wọ́n ń retí mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ẹ mọ ẹni tí mo bá níbẹ̀? Bàbá arúgbó tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ó jókòó lórí àga, ó di fìlà rẹ̀ mú lórí itan, níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé àárẹ̀ ọkàn ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀. Ó wo àjà. Mo wo ilẹ̀. A jókòó bẹ́ẹ̀ bí ọmọlúàbí méjì tí kò sí nǹkan tó ń ṣe wọ́n. Ìgbà tí wọ́n pè é wọlé, ó ṣì ń wo àjà, díẹ̀ ló kù kó forí gbá ògiri. Wọ́n ti sọ fún mi pé ó máa ń pẹ́ kéèyàn tó di ọmọ ìlú ní Fínláǹdì. Èmi di ọmọ ìlú lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n fún mi ní oògùn, mo sì ń lò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo bu ọbẹ̀ sẹ́nu, ó ta mí lẹ́nu. Mo jókòó sí kíṣínì, mo ń sọkún nítorí ata.

Ẹnìkan ṣoṣo ni mo sọ fún nílé.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbọ́ ọ tán, kò pariwo, kò sì pe Jésù. Ó ní, "Ṣé oògùn yẹn kì í jẹ́ kí oorun kùn ọ́ jù?"

"Rárá, Àǹtí mi."

"Máa lò ó. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. O mọ àwọn èèyàn wa."

*

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kan Àǹtí Bọ́sẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ló pè mí. Bùọ̀dá Délé jẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ti ń kàwé àtidi ọ̀mọ̀wé láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ti tẹ káàdì tó kọ oyè náà sí, ìwé-ẹ̀rí nìkan ló kù.

"Dókítà wa!" Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn. Gbogbo ilé ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ ni mò ń bá kiri. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín yìí ti ń sú mi o. Wọn kì í jẹun mọ́. Wọn kì í sùn. Lánàá, wọ́n fi kíláàsì sílẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n forí lé ọ̀nà Òkè-Ìlá. Ọlọ́kadà kan ló dá wọn mọ̀, tó gbé wọn padà wálé. Gbogbo ìlú ló rí wọn!"

"Ṣé wọn ò farapa?"

"Dókítà, ẹ ò gbọ́ mi ni? Mo ní gbogbo ìlú ló rí wọn."

Gbólóhùn kan ló yẹ kí n sọ: ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pè mí ní Dókítà. Mo fẹ̀yìn ti àga, mo ki ohùn mi nípọn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣan ẹ̀jẹ̀. Mo ṣàlàyé ògiri, mo ṣàlàyé sìmẹ́ńtì. Mo ní bí ìyà bá pẹ́ lára abo, ògiri náà á máa jò níwájú orí.

"Ẹ dákun, ẹ tún un sọ. Ọpọlọ obìnrin ń jò?"

"Bí ìyà bá pẹ́ ni, Bùọ̀dá. Tọkùnrin náà ń jò, ibòmíràn ló ti ń jò."

"Níwájú orí. Níbi ìpinnu." Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Há! Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń fura."

Mo ní kó gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ní Òṣogbo, pé oògùn wà. Ó ti ń kí ẹlòmíràn nínú ilé, ó ń pè é wá gbọ́ ohun tí sáyẹ́ǹsì sọ.

*

Nínú ẹbí wa, ẹni tó bá wà lókè òkun máa ń di àgbà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹni tí wọn kì í bi léèrè ọ̀rọ̀ nígbà tó wà nílé, wọn ò ní lè ṣèpàdé láìsí ohùn rẹ̀ mọ́. Wọ́n á tẹ fóònù kó máa pariwo, wọ́n á kì í bọ inú agolo mílíìkì tó ti ṣófo kí ohùn náà lè rinlẹ̀, wọ́n á sì gbé agolo ọ̀hún sórí tábìlì láàrin àwọn àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà ní ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ní pálọ̀ Bàbá Àgbà, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Àwọn ọkùnrin ẹbí pé jọ. Bùọ̀dá Délé wá. Àǹtí Bọ́sẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Nílé wa, ẹni tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣèpàdé kì í sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi í.

"Ṣé ò ń gbọ́ wa?" ni Bàbá Àgbà wí.

"Mò ń gbọ́ yín, Bàbá. Ẹ kú ìjókòó."

"Ohùn rẹ tóbi nínú agolo o. Ó ju bí o ṣe tóbi nígbà tí o lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Bùọ̀dá Délé gba ọ̀rọ̀. Ó kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wúkọ́, ó wá ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé ọpọlọ obìnrin ń jò. Níwájú orí ló ti ń jò, níbi ìpinnu. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Ọmọ yín tó wà nínú agolo yìí ló sọ ọ́. Ó wá kù, kí la fẹ́ lọ ṣe ní ọsibítù? Ṣé wọ́n á fi ọ̀dà dí i ni? Ẹ jẹ́ kí n gbé wọn lọ sí ilé àdúrà tó wà lọ́nà Òkè-Ìlá, kí àwọn ọmọ sì lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ire, kí wọ́n má baà kó àìsàn náà."

Gbogbo wa ló mọ ilé àdúrà yẹn. Tí a bá ń kọjá níbẹ̀ nígbà èwe, a máa ń sáré, nítorí ìró ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Mo pariwo nínú agolo, mo ní, "Bàbá, mo sọ pé takọ náà ń jò!"

"Akọ kí ni?" ni ẹnìkan bi mí.

"Akọ eku."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín mú kí agolo náà máa gbọ̀n. Ohùn kan ní, "Ẹ gba mí o. A rán ọmọ lọ sílùú òyìnbó, inú ihò eku ló lọ jókòó sí!"

Mo dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo ní, "Bàbá, oògùn wà. Èèyàn á lò ó, ara á yá. Obìnrin ń lò ó. Ọkùnrin náà ń lò ó."

"Ọkùnrin wo?" Bàbá Àgbà ló béèrè. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í ṣe ìkà, ó kàn fẹ́ràn ẹ̀rí ni.

"Wọ́n pọ̀, Bàbá."

"Òyìnbó nìyẹn. Ọmọ Ìlá ni mò ń bi ọ́, ẹni tí mo mọ bàbá rẹ̀. Bí o bá lè dárúkọ ọkùnrin wa kan ṣoṣo tí irú rẹ̀ ṣe, tó lo oògùn, tó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dòní, mo fi orí bàbá rẹ tó ti kú búra, Òṣogbo la máa gbé Bọ́sẹ̀ lọ lọ́la, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, nínú òkùnkùn tí o wà yẹn? Ṣé ó ti ṣe ọ́ rí?"

Òkùnkùn ti ṣú lọ́dọ̀ mi lóòótọ́. Mo jókòó sí kíṣínì. Oògùn mi wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike ṣúgà, mo sì ń wò ó. Nínú pálọ̀ tó jìnnà sí mi yẹn, ẹnìkan wúkọ́ kékeré kan láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo mọ ikọ́ yẹn.

Mo dá Bàbá lóhùn. Ìdáhùn náà kò gùn.

"Ẹ ò gbọ́?" ni Bùọ̀dá Délé wí. "Ọmọ ọkùnrin!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìró rẹ̀ nínú agolo dà bíi ti òjò lórí páànù.

Bàbá Àgbà yí sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. "Bọ́sẹ̀, ṣé o ní ọ̀rọ̀ láti sọ sí èyí tí àbúrò rẹ sọ yìí?"

"Rárá, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan."

*

Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà náà. Wọ́n fá irun rẹ̀. Wọ́n ní kó gba ààwẹ̀, òun tí kò jẹun tẹ́lẹ̀. Wọ́n dè é mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀, wòlíì sì ń fi ìgbálẹ̀ gbá a lórí láràárọ̀, nítorí pé Bùọ̀dá Délé ti ṣàlàyé ibi tó ti ń jò fún un. Àwọn ọmọ lọ sí Ire. Abíkẹ́yìn sọkún títí, wọ́n ní ó ti fẹ́ máa kó o nìyẹn.

Èmi ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ọ̀gá mi tún yìn mí, ó sọ pé, "Ó dára gan-an." Bàbá arúgbó tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi mirí sí mi lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan, bíńtín báyìí, ìyẹn náà tó ayọ̀. Mo wá ń ronú nípa ilé. Ní ìlú tí kò sẹ́ni tó mọ bàbá mi, mo jẹ́ aláìsàn tó ń gba ìtọ́jú, ara mi sì ń yá. Ní Ìlá, mo jẹ́ ọkùnrin gidi nínú agolo. Àwọn tó ń béèrè ibi tí irú mi ti wá pọ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tí mo ti wá, mo sì mọ iye tí mo fi ẹ̀gbọ́n mi san kí n tó lè máa jẹ́ ọmọ ibẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni. Ó tọrọ fóònù lọ́wọ́ ẹni tó wá kí aláìsàn mìíràn. Ohùn rẹ̀ ń falẹ̀.

"Ṣé ò ń jẹun?" ló kọ́kọ́ sọ.

"Mò ń jẹun, Àǹtí mi. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Nǹkan yẹn ńkọ́? Ṣé o ṣì ń lò ó?"

"Mò ń lò ó."

"Má fi í sílẹ̀ o. Kó má baà tún ṣe ọ́ níbi tí kò ti sẹ́nì kankan."

Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ má bínú."

"Bínú kí ni?" Ó yà á lẹ́nu ni, kò fi bú mi. "Ṣebí mo ti sọ fún ọ pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni." Ẹni tó ni fóònù ń béèrè rẹ̀. Ó ní kí n máa wọ aṣọ òtútù, ó sì gbé fóònù fún ẹni tó ni ín.

Ọkùnrin tí mo ní kí ẹ dìde pàtẹ́wọ́ fún lẹ́ẹ̀kan, ẹ kà mí mọ́ ọn. Bàbá Àgbà bi mí bóyá ó ti ṣe mí rí. Oògùn wà níwájú mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́. Mo ní, "Rárá, Bàbá. Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Ara mi le."